Ohùn Tí Ẹ̀rọ Kò Tíì Gbọ́ Rí

Ní ọsibítù kan, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń gba oògùn, yàrá kékeré kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn sí. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti lo ọdún mọ́kànlélógún lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo: àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú kí ahọ́n wọn wúwo ló ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ padà. Ọ̀gá tó ti ń pàṣẹ fún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ rí á jókòó níwájú rẹ̀, á máa wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "omi," bí ẹni ń fọwọ́ wá bàtà nínú òkùnkùn. Bí ọ̀rọ̀ bá há a lọ́fun tó fẹ́ fi ìbínú tú u jáde, nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ rọra." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Màmá Rọra nìyẹn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn dókítà pàápàá fi ń pè é.

Láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Màmá Rọra ti ń gba ohùn àwọn aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe torí ìwádìí kankan. Ó ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ń yá díẹ̀díẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ń yá. Àfi tó bá gbọ́ bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkàn rẹ̀ tó máa ń balẹ̀. Ó máa ń gbàṣẹ lọ́wọ́ oníkálùkù, á kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ìwé, á yọ orúkọ kúrò, á sì fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí à ń wí yìí, irínwó ohùn ó lé méjìlá ló ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn olóhùn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún kẹrin rèé tí àrùn náà ti kọlù ú. Làákàyè rẹ̀ pé pérépéré, àwàdà rẹ̀ ò dín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń fà bí ẹni ń wọ́ òkúta lórí sìmẹ́ǹtì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ra fóònù fún un, irú èyí tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ tí á ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Ó ní kó pe àbúrò òun. Fóònù pe ẹni tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ó tún un wí. Fóònù tún pe ẹni náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọkùnrin náà já wọlé tòun ti àpótí irinṣẹ́, ó rò pé omi ti gba ilé. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn méjèèjì ti dọ̀rẹ́ báyìí, àti pé ó kéré tán, páìpù ilé òun ò ní jò mọ́ láéláé.

Ẹ̀gbọ́n yìí náà ló gbọ́ lórí rédíò pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan fẹ́ gbàlejò àpérò àwọn olùwádìí ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tó jọ òye èèyàn. Kí àpérò náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì dá àwọn tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ohun tó fẹ́ ṣe lè kọ̀wé wá. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ìṣirò tí òun ṣe kẹ́yìn nílé-ìwé ti dìtàn, kí lòun fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ò bá a jiyàn. Ó kó ọ̀rọ̀ jọ, ó sì sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́ mi," ó ní, "torí kò sẹ́ni tó tíì mú irú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ lo mọ̀ wá. Mú wa lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ nọ́ọ̀sì lára. Ó kọ lẹ́tà ojú ewé kan, ọkọ rẹ̀ bá a yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ránṣẹ́, ó sì gbé e kúrò lọ́kàn. Lóṣù kejì, èsì dé. Wọ́n gbà á.

Àjà kẹta ni yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà, yàrá gbàràmù kan tó ní tábìlì gígùn márùn-ún, tí wáyà wọ́ kiri lábẹ́ wọn, tí pátákó funfun mẹ́ta sì wà níwájú. Wọ́n tó ọgọ́rin èèyàn níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí "nọ́ọ̀sì" lára káàdì tí Màmá Rọra fi kọ́rùn, ó rò pé àwọn olùṣètò ló gbé e wá fún ìtọ́jú pàjáwìrì, ló bá ní kó fún òun ní oògùn orífífọ́. Oògùn ò wọ́n nínú báàgì rẹ̀. Ó fún un, ó bi í bóyá ó ti jẹun, ó sì wá jókòó tì í nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ojú ti akẹ́kọ̀ọ́ náà títí dọ̀sán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í gbóhùn sókè. Á kọ ìṣirò kún pátákó, á nù ún, á tún kọ òmíràn. Màmá Rọra ń dà á kọ bí ẹni ń ya àwòrán, torí kò mọ ohun tí ìkankan nínú wọn ń wí. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń bèèrè ìgbà tí ọkọ̀ tó ń lọ sílé máa ń gbéra. Tí a bá ní ká sọ òótọ́, kì í ṣe ìgboyà ló dá a dúró, ìtìjú ni. Kò mọ ohun tó máa wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bá padà débẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n pín wọn ní méjì-méjì fún iṣẹ́ àṣedánwò. Ẹni tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kíákíá làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ẹ ò ní tíì bi í léèrè tán tó fi máa dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ mí láàárín ọ̀rọ̀, ó ti bá yín parí ẹ̀. Màmá Rọra, ẹni tó lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aláìsàn tó pe orúkọ ọmọ ara rẹ̀, wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní àjọṣe ìgbín àti ẹṣin rèé o.

Ṣùgbọ́n Kíákíá mọ àlàyé ṣe. Ó gbé ìṣirò tì sápá kan, ó ní kí Màmá fọkàn yàwòrán ẹnì kan tó ń gbọ́ ohùn, tó ń dábàá pé báyìí ni wọ́n wí, tí wọ́n wá ń sọ fún un pé o gbà á, o ò gbà á. Bó bá ṣì í, á yí etí rẹ̀ díẹ̀, á tún dábàá. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ̀rọ náà ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Rọra ní ṣé ohun tí wọ́n wá ń fi ìṣirò bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ohun tí òun àti àwọn aláìsàn òun jọ ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélógún ni. Láti ìgbà náà ló ti ṣíwọ́ àti máa bèèrè ọkọ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Kíákíá da irínwó ohùn ó lé méjìlá náà pọ̀, ó pò wọ́n, ó sì pín wọn sí àpò méjì: àpò ńlá tí ẹ̀rọ á fi kẹ́kọ̀ọ́, àti àpò kékeré tí wọ́n gbé pamọ́ fún ìdánwò. Nọ́ọ̀sì tẹ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ lè máa rí ìdáhùn. Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n dán an wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Kíákíá dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. Àwọn ará tábìlì yòókù wá wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n alára wá, ó tẹjú mọ́ iye náà, ó ní iṣẹ́ méjì péré lòun máa mú nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà láti sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ńlá lọ́jọ́ àpérò, tiwọn á sì jẹ́ ọ̀kan. Gbogbo àgbà inú ìmọ̀ yẹn ló máa wà níbẹ̀. Kíákíá ń wá ibi tó ti máa ṣiṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Kíákíá ní kí Màmá ṣa ohùn mẹ́ta nínú àpò ìdánwò tí àwọn máa mú àwọn èèyàn gbọ́. Màmá Rọra lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí. Ohùn kìíní jẹ́ ti obìnrin kan. Ohùn kejì jẹ́ ti ọkùnrin tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn, tó máa ń húkọ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó le tó jáde. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni. Ó rántí rẹ̀ dáadáa, àti ìyàwó rẹ̀ tó máa ń dúró dè é níta.

Ẹ̀rín náà ò tọ́jọ́. Ó rántí pé òun ti gbọ́ ohùn Káfíńtà kan náà nínú àpò ẹ̀kọ́, níbi tó ti ń ka orúkọ irinṣẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni Káfíńtà fi wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò ti gba ohùn rẹ̀ tó ìgbà mẹ́rìnlá. Ohùn kọ̀ọ̀kan ló fún ní nọ́ńbà, kò fún èèyàn. Ó gbọ́ ohùn kẹta, ó gbọ́ ìkẹrin, ó gbọ́ títí dé ogún. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ẹ̀rọ ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Ó yọ ẹ̀rọ etí, ó lọ bá Kíákíá. Ó bi í pé, nínú gbogbo àwọn tó wà nínú àpò ìdánwò, ẹni mélòó ló jẹ́ àjèjì sí ẹ̀rọ? Kíákíá lanu láti dáhùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, ó kọ́kọ́ yí padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún wo bó ṣe pín àwọn ohùn náà.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi ìbéèrè ìdánwò kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, máàkì tí ọmọ bá gbà ò sọ ohun tó mọ̀. Ẹ̀rọ náà ò tíì kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ahọ́n tó wúwo. Káfíńtà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́. Bí ẹlòmíràn bá wọlé lọ́la, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá á gbọ́ ọ.

Láti tún un ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ohùn kọ̀ọ̀kan. Kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan, torí Màmá Rọra ti yọ orúkọ tipẹ́. Etí rẹ̀ nìkan ni ìwé tó ṣẹ́ kù. Ló bá jókòó. Kíákíá á fi ohùn kan sí i, Màmá á gbọ́ ọ díẹ̀, á pe ìnagijẹ: Káfíńtà. Awakọ̀. Ìyàwó Olùkọ́. Awakọ̀. Ẹ̀gbọ́n Mi. Nígbà tó yá, Kíákíá bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n dán an wò, á tún mú èyí tí wọ́n ti gbọ́ láàárọ̀ wá lọ́sàn-án. Màmá ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí oòrùn wọ̀, wọ́n ṣíwọ́, nítorí Màmá ní etí tó bá ti rẹ̀ a máa purọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n parí ẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Èèyàn méjìdínlógójì ló ni gbogbo ohùn náà.

Kíákíá yọ ẹni mẹ́sàn-án sápá kan, ó kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù, ó sì fi àwọn mẹ́sàn-án dán an wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ gba méjìléláàádọ́ta.

Àwọn méjèèjì wo iye yẹn. Nígbà tí Kíákíá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n máa pàtẹ ní àpérò yẹn, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò tó bẹ́ẹ̀. Ó ní iye àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́, ohun tí ẹ̀rọ ṣe ni. Ṣé àwọn ò lè sọ ìyẹn ná, kí àwọn wá tún ìyókù ṣe tí àwọn bá délé? Màmá Rọra ò bínú sí i. Ó mọ ohun tí ọmọ náà fẹ́ pàdánù.

"Ọmọ mi," ó ní, "tí mo bá padà sí yàrá mi, tí mo sọ fún ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo pé ẹ̀rọ yìí á gbọ́ ọ, tó wá sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ ọ, èmi ni mo máa jókòó tì í. Mi ò ní rí ojú tí màá fi wò ó."

Kíákíá fọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà, ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó ní ó ku ohun kan tí òun fẹ́ mọ̀. Ó kọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹni mẹ́wàá péré, ó fi àwọn mẹ́sàn-án àjèjì náà dán an wò: ó gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó fi ogún èèyàn kọ́ ọ: mẹ́tàlélógójì. Ó wá tún un ṣe lọ́nà míì, ó fi iye ohùn kan náà kọ́ ọ, àmọ́ láti ẹnu èèyàn díẹ̀, iye ọ̀rọ̀ tó gbà ò sì gòkè. Èèyàn ni ẹ̀rọ ń fẹ́, kì í ṣe ohùn repete láti ẹnu ẹnì kan. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kó fúnra rẹ̀ rí ìlà tó fi so àwọn iye náà pọ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ wò ó. Kò tíì dúró. Ó ń gòkè."

Lọ́jọ́ àpérò, gbọ̀ngàn ńlá kún. Wọ́n ti lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú pé iye ti yí padà. Ó gbọ́ wọn títí, ó bèèrè bí wọ́n ṣe mọ̀, ó sì ní àyè wọn ò yẹ̀. Kíákíá fi iye méjèèjì hàn lára ògiri, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì, ó sì ṣàlàyé ibi tí àwọn ti ṣì í láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Lẹ́yìn náà ni Màmá Rọra bọ́ síwájú. Ó sọ irú ẹni tí àwọn aláìsàn rẹ̀ jẹ́, bí àrùn kan náà ṣe ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu oníkálùkù, àti ìdí tí ẹni mẹ́wàá ò fi lè dúró fún ẹni ẹgbẹ̀rún. Ó mú wọn gbọ́ ohùn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́sàn-án náà. Ohun tí ẹ̀rọ gbà àti ohun tí kò gbà hàn lára ògiri, ó sì dúró títí wọ́n fi kà á tán.

Àgbà olùwádìí kan tó jókòó síwájú, tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù ìbéèrè rẹ̀, gbé ọwọ́. Ó bèèrè pé èèyàn mélòó ni wọ́n rò pé ó máa tó. Kíákíá ì bá dáhùn. Ṣe ló kọjú sí Màmá.

"A ò mọ̀, sà," nọ́ọ̀sì ní. "Ohun tá a mọ̀ ni pé ó ju tiwa lọ, àti pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín, ẹ máa bá wọn lórí ìjókòó."

Àgbà náà mi orí, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní nọ́ọ̀sì lòun náà, pé ìlú ẹ̀gbẹ́ odò lòun ti wá, àti pé ó tó ọgọ́ta èèyàn tó ń wá sí yàrá òun. Òun ò mọ̀ pé ohùn wọn wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn dìde lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde lọ mu omi, àwọn olùwádìí méjì wá bá Kíákíá, wọ́n rọra sọ fún un pé àwọn máa padà lọ yẹ àpò ìdánwò tiwọn wò. Ọ̀kan nínú wọn sì bèèrè ìgbà tó máa parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Màmá Rọra pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó ròyìn fún un. Ó sọ fún un pé ó wà lára àwọn mẹ́sàn-án, àti pé nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó sọ, ẹ̀rọ gba mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n ń kó ọ̀rọ̀ jọ, nọ́ọ̀sì sì dúró dè é.

"Ẹ̀rọ náà gbìyànjú," ó ní. "Ìyàwó mi kì í gbọ́ tó mẹ́rin."

Iṣẹ́ náà ò parí síbẹ̀. Láàárín ọdún kan, ọsibítù márùn-ún ti dara pọ̀, ohùn ọ̀tàlénígba èèyàn ti wọlé, èèyàn kọ̀ọ̀kan sì ti ní nọ́ńbà tirẹ̀ báyìí. Lẹ́nu àjèjì tí ẹ̀rọ ò tíì gbọ́ rí, ó ti ń gba mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Kíákíá ríṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó bèèrè ìgbà tó máa ṣetán, ó sì ní òun ò ní fi ìwádìí yìí sílẹ̀. Kó tó wọṣẹ́, ó fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó ní igun yàrá Màmá Rọra. Lọ́jọ́ kìíní, ó bá aláìsàn kan parí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣì í. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó ti ń ká ọwọ́ mọ́ itan, ó ń fọwọ́ lé ẹnu, ó ń dúró. Ilé-ẹ̀kọ́ náà sì kọ̀wé sí Màmá Rọra pé kó wá fi ààbọ̀ ọjọ́ kan kọ́ àwọn tuntun. Ọkọ rẹ̀ ló bá a ka lẹ́tà náà sókè, lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú ẹ̀gbẹ́ odò, sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó dìde ní gbọ̀ngàn. Àwọn méjèèjì pààrọ̀ yàrá lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rí èyí tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò dé. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, wọ́n gbé àga méjì kojú síra, wọ́n sì pa fáànù. Ní agogo mẹ́wàá, ẹni àkọ́kọ́ wọlé, obìnrin kan tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí, tí ọmọ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Màmá Rọra kí i, ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ohùn rẹ̀ ṣe, ó sì bi í bóyá ó gbà. Obìnrin náà wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí tábìlì, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ.